Ẹ̀kọ́ Oyè Másítà nínú Ìmọ̀ Ètò Ọrọ̀ Ajé: Ohun tí Ó Kan Olùkọ́ Yorùbá níbẹ̀

Ìfáàrà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn òǹkàwé wa lẹ́nu pé olùkọ́ èdè Yorùbá ni ó ń kọ àpilẹ̀kọ lórí ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé. Àwọn kan lè bi wá pé kí ni ó kan alágbẹ̀dẹ nínú iṣẹ́ ahunṣọ. Nítorí náà, ìdí abájọ ni a ó kọ́kọ́ sọ.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, a jẹ́ olùkọ́ kíláàsì fún àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ipele àgbà ní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ, sọ fún wa pé ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ni òun fẹ́ kọ́ ní yunifásítì. Ó bi wá bóyá kí òun fi Further Mathematics kún iṣẹ́ òun. A dá a lóhùn pé kò pọn dandan. A ní ọ̀rọ̀ ọjà títà àti ọjà rírà ni ìmọ̀ náà, kí ó gbájú mọ́ Yorùbá àti Lítíréṣọ̀ tí ó ti ń ṣe dáadáa. Ó gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́. Ó gba oyè àkọ́kọ́, ó ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wọlé fún oyè másítà ní yunifásítì kan ní Bìríténì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ó débẹ̀ ni ó pè wá lórí fóònù. Ohun tí ó sọ nìyí: "Sà, ìṣirò ni gbogbo rẹ̀. N kò tí ì rí ọjà kankan níbẹ̀."

Èyí nìkan kọ́. Nígbà tí ó wálé fún ìsinmi Kérésìmesì, a lọ kí wọn nílé. Ìyá rẹ̀ bi í níṣojú wa pé, "Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ yín níbẹ̀ gan-an?" Ọmọ náà la ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fi dáhùn. Ó wo ojú wa. Àwa tí a ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá láti ọdún gbọọrọ, a kò rí nǹkan kan sọ.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn wá. A rí i pé àṣìṣe méjì ni a ṣe. Èkínní, a fi ẹnu ara wa lé ọmọ kúrò nídìí ìṣirò tí ó nílò. Èkejì, a kò fún un ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi máa ronú lórí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní èdè abínibí rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ipele oyè másítà nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, a ó fi Yorùbá ṣe àlàyé náà kí a lè rí i bóyá èdè wa gbà á, a ó sì wá sọ ohun tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ àti àwa tí a ń ṣe ìdánwò máa ṣe.

1. Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe rí

Ní Bìríténì, ọdún kan ni ọ̀pọ̀ yunifásítì fi ń ṣe oyè másítà. Ní Nàìjíríà, ó sábà máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì ńlá ni kì í gba akẹ́kọ̀ọ́ fún oyè másítà nìkan nínú ìmọ̀ yìí. Oyè ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń gbà wọ́n fún, wọn a sì máa fún wọn ní másítà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí ó jẹ́, òpó mẹ́ta kan náà ni ẹ̀kọ́ náà dúró lé lórí. Òpó kìíní ni ìmọ̀ nípa ìpinnu ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìdílé kọ̀ọ̀kan àti ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí ni wọ́n ń pè ní microeconomics. Òpó kejì ni ìmọ̀ nípa ọrọ̀ ajé gbogbo orílẹ̀-èdè lápapọ̀; èyí ni macroeconomics. Òpó kẹta ni ìmọ̀ wíwọn ọ̀rọ̀ ajé pẹ̀lú nọ́ńbà, láti mọ èwo nínú ohun tí a ń sọ ni ó jẹ́ òótọ́; èyí ni econometrics. Lẹ́yìn òpó mẹ́ta yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò tó yan ẹ̀ka tí ó wù ú, bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè, tàbí ọ̀rọ̀ báńkì, tí yóò sì kọ àpilẹ̀kọ ìwádìí.

Ní London School of Economics, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1895, àwọn tí ó wọlé fún másítà nínú ìmọ̀ yìí máa ń kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ìṣirò àti sìtátísíìkì ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà, kí iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Èyí fi hàn wá pé ìṣirò ni ilẹ̀kùn àbáwọlé. Kálíkúlọ́ọ̀sì, áljẹ́bírà onímátíríìsì àti sìtátísíìkì ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n dáadáa kí ó tó débẹ̀, yóò máa kọ́ èdè àti ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí a mú lọ sí kóòtù ní ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn.

2. Òpó kìíní: ìpinnu níwájú ọjà

Kí ni kálíkúlọ́ọ̀sì ń wá nínú ọ̀rọ̀ ọjà? Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá kan tí ó mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lọ sí ọjà láti ra gàárì àti ẹja. Owó rẹ̀ ní ìwọ̀n. Kò lè ra gbogbo ohun tí ó wù ú. Bí ó bá fi owó púpọ̀ ra ẹja, gàárì kò ní í tó. Ìbéèrè tí ó ń bi ara rẹ̀ ni pé, "Bí mo bá yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ìkẹyìn kúrò lórí ẹja, tí mo fi kún gàárì, ṣé yóò tù wá lára jù báyìí lọ nílé?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, yóò yọ ọ́. Yóò máa yọ, yóò máa fi kún, títí yóò fi dé ibi tí yíyọ kò sàn ju àìyọ lọ. Ibẹ̀ ni yóò dúró sí.

Àárín ẹ̀kọ́ òpó kìíní nìyí. Kì í ṣe gbogbo gàárì tàbí gbogbo ẹja ni ìyá náà ń gbé wò, bí kò ṣe díẹ̀ tí ó kẹ́yìn. Kálíkúlọ́ọ̀sì sì ni ìṣirò tí ń wá ìyàtọ̀ tí díẹ̀ tí ó kẹ́yìn ń mú wá. Nígbà tí a ṣe àlàyé yìí fún ìyá akẹ́kọ̀ọ́ wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ṣé ohun tí ọmọ mi rìn lọ sí òkè òkun fún nìyẹn? Ohun tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ tí mo ti dé ọjà ni." Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ dáhùn pé ohun tí ìyá kan ń ṣe ní ìsọ̀ tirẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Nígbà tí ọ̀kẹ́ àìmọye ìyá bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀, tí ìjọba sì fi owó-orí lé ẹja, ìṣirò nìkan ni ó lè sọ ibi tí owó ọjà yóò dúró sí àti ẹni tí ẹrù owó-orí náà yóò jábọ́ lé lórí gan-an, ẹni tí ń tà ni tàbí ẹni tí ń rà.

Ní ipele másítà, wọn kì í dúró níbi ẹni tí ń dá pinnu. Wọn a tún máa wo ìpinnu tí ó dá lórí ìpinnu ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ti ta ayò rí mọ̀ pé a kì í wo ilé tiwa nìkan. Ohun tí ọ̀ta yóò ṣe sí ohun tí a bá ṣe ni a ń wò. John Nash gbé ọ̀rọ̀ irú èyí kalẹ̀ ní 1950 pẹ̀lú ìṣirò, ó sì ti di ara ohun tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́.

Wọ́n tún ń wo ọjà tí ẹnì kan mọ ohun tí ẹnì kejì kò mọ̀. Ní 1970, George Akerlof kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ọjà àlòkù ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ra tòkunbọ̀ rí ni yóò yé. Ẹni tí ń tà á mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára. Ẹni tí ń rà á kò mọ̀. Nítorí pé ẹni tí ń rà á kò mọ̀, owó ọkọ̀ tí kò dára tí kò burú ni yóò san. Ẹni tí ọkọ̀ tirẹ̀ dára gan-an yóò rí i pé owó náà kéré, yóò mú ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lọ́jà. Bí àwọn tí ó dára bá ti ń kúrò, èyí tí ó burú ni yóò máa pọ̀ sí i, owó tí àwọn oníbàárà fẹ́ san yóò sì tún máa wálẹ̀, títí ọjà náà fi lè tú. Akerlof pẹ̀lú Michael Spence àti Joseph Stiglitz gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001 nítorí iṣẹ́ irú èyí. Mẹkáníìkì tí a ń mú dání lọ ra ọkọ̀ ni ìwòsàn tí àwa fún àrùn náà.

3. Òpó kejì: èbù iṣu àti ọrọ̀ orílẹ̀-èdè

Ní òpó kejì, ìbéèrè ńlá kan ni pé: nínú ohun tí orílẹ̀-èdè bá rí lọ́dún yìí, mélòó ni kí ó jẹ, mélòó ni kí ó fi pa mọ́ de ọ̀la? Frank Ramsey, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, fi ìṣirò wá ìdáhùn ní 1928. Títí di òní, iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tí ń dẹ́rù ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ másítà. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ oníṣu kò ní í pè é ní ohun àjèjì. Nígbà ìkórè, àgbẹ̀ ń yọ iṣu jíjẹ sọ́tọ̀, ó ń yọ èbù sọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ ẹyọ iṣu kan sí i lónìí, yóò gbádùn rẹ̀ lónìí. Bí ó bá gé e ní èbù, iṣu tí yóò hù jáde yóò ju ọ̀kan lọ lọ́dún tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n sùúrù ènìyàn ní ìwọ̀n, ebi sì ń pa ọmọ lónìí. Ohun tí ìṣirò Ramsey sọ ni pé kí àgbẹ̀ máa pa èbù mọ́ títí di ìgbà tí adùn iṣu ìkẹyìn tí ó jẹ lónìí yóò fi bá adùn ohun tí yóò mú jáde lọ́la dọ́gba, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ti àìnísùúrù kúrò.

Ní 1956, Robert Solow bi ìbéèrè mìíràn. Bí àgbẹ̀ bá ń fi èbù kún èbù lọ́dọọdún, ṣé yóò máa lówó sí i láìdúró ni? Ó ní rárá. Bí ilẹ̀ àti ọwọ́ tí ń roko kò bá pọ̀ sí i, èbù tí a fi kún un yóò máa mú èso tí kò tó ti àtẹ̀yìnwá wá, títí àfikún náà yóò fi kàn ń dí àlàfo èyí tí ó ń jẹrà. Ìmọ̀ tuntun nìkan, bí ọ̀nà ìgbàgbìn tí ó dára sí i, ni ó lè mú kí ọrọ̀ máa gòkè lọ. Solow gba ẹ̀bùn Nobel ní 1987.

Kì í ṣe àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni ó ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Arthur Lewis, ọmọ erékùṣù St Lucia, kẹ́kọ̀ọ́ ní London School of Economics. Ní 1954 ni ó kọ̀wé lórí bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń kúrò lóko lọ sí ilé-iṣẹ́ ńlá láìjẹ́ pé ohun tí oko ń mú jáde dín kù, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979 pẹ̀lú Theodore Schultz. Láàárín tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Òjétúnjí Abóyadé, ọmọ bíbí Awẹ́, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge, ó kọ ìwé lórí ìpìlẹ̀ ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Áfíríkà ní 1966, ó sì jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1975 sí 1978. A dárúkọ wọn kí a lè máa rí àpẹẹrẹ fi han àwọn ọmọ wa.

4. Òpó kẹta: mímọ ohun tí ó fa ohun

Àkùkọ a máa kọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ pé àkùkọ ni ó mú kí ilẹ̀ mọ́. Nínú ọ̀rọ̀ owó, kì í rọrùn tó báyìí. Bí owó iṣẹ́ bá lọ sókè, tí iṣẹ́ sì wọ́n, ṣé owó iṣẹ́ ni ó fà á, àbí nǹkan mìíràn ni? Òpó kẹta wà láti dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ másítà tí kì í bá pàdé nìyí. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ New Jersey fi owó iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ kún láti dọ́là 4.25 sí dọ́là 5.05 fún wákàtí kan, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Épírì, 1992. Pennsylvania tí ó bá a pààlà kò fi kọ́bọ̀ kún tirẹ̀. David Card àti Alan Krueger ka iye òṣìṣẹ́ nínú ilé oúnjẹ kíákíá 410 ní ìhà méjèèjì, kí owó tó lọ sókè àti lẹ́yìn tí ó lọ sókè. Wọn kò wo New Jersey nìkan, nítorí pé ọrọ̀ ajé lè ti bàjẹ́ níbi gbogbo lọ́dún náà. Ohun tí ó yí padà ní Pennsylvania ni wọ́n fi wọn ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ní New Jersey bí òfin kò bá yí padà. Ìyàtọ̀ tí ó ṣẹ́kù ni wọ́n kà sí iṣẹ́ ọwọ́ òfin. Ìwé ti sọ pé iṣẹ́ yóò dín kù. Nínú àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 1994, wọn kò rí i pé ó dín kù. Awuyewuye pọ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìwádìí náà tàn kálẹ̀. Krueger kú ní 2019. Card pẹ̀lú Joshua Angrist àti Guido Imbens gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe nọ́ńbà nìkan ni ó ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Ẹnì kan ní láti lọ bi àwọn oníléeṣẹ́ pé òṣìṣẹ́ mélòó ni wọ́n ní. Ìbéèrè náà ní láti yé ẹni tí a bi. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa olùkọ́ èdè.

5. Ibi tí èdè Yorùbá ti wọ̀ ọ́

Ní 1956, Galletti, Baldwin àti Dina gbé ìwé ńlá kan jáde lórí àwọn ìdílé Yorùbá tí ó ń dáko kòkó: ohun tí wọ́n ń jẹ, ohun tí wọ́n ń rí, gbèsè tí wọ́n jẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ másítà tí ó bá fẹ́ ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lónìí ní Oǹdó tàbí ní Iléṣà yóò bá ọ̀rọ̀ mẹ́ta pàdé lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni "ìdílé." Nínú ìwé òpó kìíní, ìdílé ni àwọn tí ó jọ ń gbé, tí wọ́n ní àpò kan. Láàárín wa, "ìdílé" lè jẹ́ gbogbo àwọn tí ó ti ara bàbá ńlá kan wá, "agboolé" lè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ àti aya, àpò ọkọ sì yàtọ̀ sí àpò ìyàwó. Ìyàwó ń ṣòwò tirẹ̀, ó ń dá èsúsú tirẹ̀. Ẹni tí ó bá bi baálé nìkan pé "Èló ni ẹ ń rí nínú ìdílé yín?" kò tí ì bi ẹnikẹ́ni nípa owó ìyàwó. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú ìmọ̀ yìí. Ní 1996, Christopher Udry fi hàn pé ní Burkina Faso, oko tí obìnrin ń mójú tó kò so tó ti ọkùnrin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irúgbìn kan náà ni wọ́n gbìn lọ́dún kan náà nínú ìdílé kan náà. Oko ọkọ ni ajílẹ̀ àti ọwọ́ òṣìṣẹ́ ń lọ jù. Bí wọ́n bá pín in dáadáa, ìdílé náà ìbá kórè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ kà wọ́n sí àpò kan. Ohun tí ọmọ Yorùbá ti mọ̀ láti ilé ni ìwé fi ìṣirò jà fún.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "owó." Nínú Yorùbá, "owó" ni a ń ná, "owó" náà sì ni iye tí a ń ta ọjà. Nígbà tí a ń yẹ ìwé aáyan ògbufọ̀ wò ní ọdún kan, a rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ọ́ pé "iye owó ti lọ sílẹ̀." Ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé náírà kò rà tó bí ó ti ń rà tẹ́lẹ̀; ohun tí ẹni tí ó kà á yóò gbọ́ ni pé ọjà ti pọ̀, owó rẹ̀ ti wálẹ̀. Ìtumọ̀ méjì náà tako ara wọn. Àwọn ìwé ìròyìn a máa lo "ọ̀wọ́ngógó," ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ngógó epo náà ni a ń pe ìgbà tí epo kò sí ní ilé-epo. Ọ̀wọ́n ata nìkan kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìgbà tí gbogbo ọjà pátá ń gòkè lóṣooṣù. Èrò wa ni pé kí a fi "ọ̀wọ́n" sílẹ̀ fún ọjà kan tí ó wọ́n, kí a sì máa pe èyí tí ó kárí gbogbo ọjà ní "ìdínkù agbára owó."

Ọ̀rọ̀ kẹta ni gbèsè. Níbí yìí, èdè wa ti pé ṣáájú ìwé. A ya "èrè" sọ́tọ̀ kúrò lára "èlé": èrè ni ti ẹni tí ó ṣòwò, èlé ni ti ẹni tí ó yáni lówó. Láyé àtijọ́, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó ni ó dúró fún èlé. Owó gan-an ṣì wà lọ́rùn títí wọn yóò fi san án. Ẹni tí ó bá lóye èyí ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ojú-owó àti èlé. Síbẹ̀, a ń rí àwọn ọmọ tí ó ń kọ èrè sí ibi tí èlé yẹ kí ó wà, a sì ń fún wọn ní máàkì.

Lẹ́yìn mẹ́ta yìí, a dábàá ọ̀rọ̀ mẹ́ta mìíràn fún àyẹ̀wò àwọn ẹlẹgbẹ́ wa:

(a) iye àfisílẹ̀: èyí ni ohun tí ó dára jù lọ tí a fi sílẹ̀ nítorí ohun tí a yàn. Bí ọmọ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ ka másítà fún ọdún kan, owó oṣù tí kò gbà wà lára iye àfisílẹ̀ rẹ̀, àní bí ẹlòmíràn tilẹ̀ san owó ilé-ìwé fún un.

(b) àfikún ìkẹyìn: díẹ̀ tí a fi kún un gbẹ̀yìn, bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà tí ìyá ọlọ́jà yẹn ń gbé kiri láàárín ẹja àti gàárì.

(d) ìfèsì sí owó: bí iye tí àwọn ènìyàn ń rà ti ń yí padà tó nígbà tí owó ọjà bá yí padà. Bí owó iyọ̀ bá lọ sókè, a ṣì ń ra iyọ̀. Ìfèsì rẹ̀ kéré. Bí owó ẹran bá lọ sókè, àwọn kan a fi ẹja rọ́pò; ìfèsì rẹ̀ pọ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju tiwa lọ. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1984 lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, ṣe iṣẹ́ ńlá fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ajé kò sí lára ohun tí wọ́n gbé e kalẹ̀ fún. Kí a sì má ṣe sọ pé kò ṣeé ṣe. Iṣẹ́ àkànṣe ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko.

6. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Ní ti àwa tí a jẹ́ olùkọ́ kíláàsì, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ fún ọmọ mọ́ pé ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kò nílò ìṣirò púpọ̀. Bí ọmọ bá ní i lọ́kàn láti dé ipele másítà, kí a gbà á níyànjú láti ṣe Further Mathematics bí ilé-ìwé rẹ̀ bá ń kọ́ ọ. Kí a sì sọ fún ẹni tí ó ti wà ní yunifásítì pé kí ó gba ẹ̀kọ́ ìṣirò àti sìtátísíìkì kún ti ẹ̀ka rẹ̀. Kí a má sì tìtorí èyí lé e kúrò nídìí Yorùbá. Àwọn méjèèjì ni ó nílò.

Ní ti ẹ̀kọ́ inú kíláàsì, ó yẹ kí a máa fi àyọkà lórí owó, ọjà àti gbèsè sínú aáyan ògbufọ̀ àti àròkọ aṣàlàyé. Àròkọ lórí ìgbéyàwó àti ọdún ìbílẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá fi Yorùbá ṣàlàyé bí èsúsú ṣe yàtọ̀ sí àjọ rí, kò ní í lè fi ṣàlàyé bí báńkì ṣe ń ṣiṣẹ́. A tún lè pe olùkọ́ ìṣirò àti olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé tí ó wà ní ilé-ìwé kan náà pẹ̀lú wa, kí a jókòó fún wákàtí kan, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń kọ́, kí a jọ wá ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ti àwọn tí ń ṣe ìdánwò, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a fún ọmọ tí ó fi gbólóhùn Yorùbá tí ó yéni ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tí kò mọ orúkọ rẹ̀ ní máàkì tí ó ju ti ẹni tí ó kàn fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fojú fo àṣìṣe tí ó yí ìtumọ̀ padà, bí èrè fún èlé, tàbí iye owó fún agbára owó.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ẹsẹ̀ méjì ni ẹ̀kọ́ oyè másítà nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé fi ń rìn: ìṣirò, àti ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtó. A ti ṣàlàyé òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ ní Yorùbá, a sì rí i pé èdè wa gbà á, níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣọ́ ọ̀rọ̀ wa lò.

Ọmọ wa tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí gba oyè rẹ̀. Ó tún ìdánwò kan ṣe lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó gbà á, òpó kìíní ni ìdánwò náà, ìṣirò ni ó sì ṣubú níbẹ̀. Kò dá wa lẹ́bi rí, ṣùgbọ́n àwa mọ ibi tí ẹ̀bi wà. Lẹ́yìn tí ó padà dé, ó ní kí a bá òun wo àwọn ìbéèrè tí òun fẹ́ lọ bi àwọn oníṣòwò aṣọ fún iṣẹ́ ìwádìí òun. Ọ̀rọ̀ kìíní tí a jọ pa rẹ́ níbẹ̀ ni "ìdílé." "Àwọn tí ẹ jọ ń jẹun láti inú ìkòkò kan" ni a fi rọ́pò rẹ̀, a sì ya ìbéèrè owó ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìyàwó. Ìyá rẹ̀ ni a kọ́kọ́ dán an wò lára rẹ̀. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀ láì bi wá pé kí ni a ń sọ.